Ọwọ́ Kékeré Lára Alùpùpù Délégẹ́

Òórùn epo ẹ́ńjìnnì kì í kúrò lára aṣọ mi ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ilé ọkọ. Mo fọ aṣọ títí, mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo sá a sórí koríko, síbẹ̀ bí mo bá gbé e sún mọ́ imú, òórùn ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi náà ni. Inú mi kò sì bàjẹ́ sí i. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, láti abúlé kan lọ́nà Másẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, tí àwọn bàbá wa sì ń dá ẹmu. Pé mo wá fẹ́ ẹni tó mọ inú ẹ́ńjìnnì, ẹni tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, tó padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Àjà-Wẹ̀rẹ̀, ohun ìyangàn ńlá ni lójú mi. Bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá bi mí pé kí ni ọkọ mi ń ṣe, n kò jẹ́ sọ pé ó ń tún alùpùpù ṣe. Mo máa ń ní, "Ẹ̀rọ ló ń wò," bí ẹni pé dókítà ni.

Ìgbà Ìyípadà ni nígbà yẹn. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣèjọba, wọ́n sì ti sọ gbogbo wa di kámáráàdì ara wa. Kámáráàdì ni olùkọ́, kámáráàdì ni nọ́ọ̀sì, kámáráàdì ni ìyá arúgbó tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Kpúlú. Wọ́n kun ìràwọ̀ pupa sára ògiri ilé ìwé, rédíò sì ń sọ̀rọ̀ ìjà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tá kan ṣoṣo tí àwa ń rí lójú ọ̀nà wa ni ẹrẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bú ìjọba, inú oko ló ti ń bú u, yóò sì kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná.

Ohun tó wọ́n jù nílẹ̀ wa ni ẹsánsì. Ibùdó epo tí ìjọba ní wà lókèèrè, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹsánsì tí gbogbo alùpùpù ń mu ní agbègbè wa, ilẹ̀ Nàìjíríà lódìkejì ààlà ló ti ń wá, inú igbó ló ń gbà, nínú bídọ̀n, kẹ́ẹ̀gì ńlá tí wọ́n fi okùn dè mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Rédíò ń pe àwọn tó ń gbé e ní ọ̀tá Ìyípadà. Èmi kò lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lára wọn. Ọmọ ìyá kan náà ni wá. Òun ló gbé mi kọjá odò ní èjìká nígbà tí mo wà ní kékeré, òun náà ló sì ń gbé ẹsánsì wá fún ọkọ mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ẹ̀ẹ̀rùn ti fẹ́ parí, délégẹ́ ti alùpùpù rẹ̀ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Òun ni aṣojú ìjọba ní gbogbo agbègbè wa. Kì í ṣe ọmọ ìlú, Yorùbá rẹ̀ ní èdè Gùn nínú, kò sì ju ọkọ mi lọ lọ́jọ́ orí. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ kakí rẹ̀ máa ń mọ́ ní gbogbo ìgbà, kì í sì í pariwo. Bí ó bá fẹ́ kí wọ́n mú ènìyàn lọ, ohùn tó fi ń béèrè omi mímu náà ló fi ń sọ ọ́. Lára àwọn tó ti ní kí wọ́n mú kí n tó dé ilé ọkọ, àwọn kan padà, wọn kò sì sọ ohun tí ojú wọn rí fún ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn kò padà. Ọkùnrin kan tó máa ń gbé ìbọn tẹ̀lé e kiri wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Oníbọn ni gbogbo wa ń pè é.

"Ìjà ń bá a lọ, kámáráàdì mẹkaníṣíẹ̀n," ni délégẹ́ wí.

"Ìjà ń bá a lọ, kámáráàdì délégẹ́," ni ọkọ mi dáhùn, ó ń nu ọwọ́ sí àkísà.

"Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ẹ́ńjìnnì tó ọ ní gbogbo ìhín. Alùpùpù yìí dára nínú ẹrẹ̀, ó ń fà bí màlúù. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ọ̀nà tó tẹ́jú, tí mo ní kó sáré, ńṣe ló ń dà bí ẹni pé ẹnì kan dì í mú látẹ̀yìn. Àwọn tí mò ń lé kì í sì í dúró dè mí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Mo sáré lọ bu omi tútù fún un nínú ife tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó, mo bu ẹ̀pà sínú àwo fún oníbọn. Orí mi wú pé aṣojú ìjọba jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, mo sì ń wojú ọ̀nà bóyá àwọn aládùúgbò rí wa. Wọ́n rí wa. Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fa ilẹ̀kùn dé.

Ọkọ mi ti kúnlẹ̀ ti alùpùpù náà. Agolo dúdú kékeré kan wà lára rẹ̀, tí ọ̀pá rọ́bà so mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ àti ẹsánsì ti ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ó fi ìka kàn án, ó ṣàlàyé fún délégẹ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọ ilé ìwé. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ́ńjìnnì ni agolo yìí. Bí ẹ́ńjìnnì bá fa èyí tó ju ohun tó lè gbé mì lẹ́ẹ̀kan, agolo á gba ìyókù sẹ́nu, á sì dá a padà fún un nígbà tó bá tún nílò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń fà dáadáa nínú ẹrẹ̀ àti lórí òkè. Ṣùgbọ́n lórí eré, kò wúlò tó bẹ́ẹ̀.

"Yọ ọ́ kúrò nígbà náà," ni délégẹ́ wí.

"Bí mo bá yọ ọ́, kò ní fà nínú ẹrẹ̀ mọ́." Mo rí i tí ojú ọkọ mi tàn, bí ó ti máa ń tàn bí nǹkan tuntun bá sọ sí i lọ́kàn. "Mo lè fi róbínẹ̀ kékeré, bíi ti ẹ̀rọ omi, sáàárín ọ̀pá rọ́bà yìí. Mo lè so wáyà mọ́ róbínẹ̀ náà, kí n fa wáyà lọ sókè, kí n fi ọwọ́ kékeré kan, bí ọwọ́ bíréèkì, sí abẹ́ ọwọ́ òsì yín. Bí ẹ bá wà nínú ẹrẹ̀, ẹ ṣí i. Bí ẹ bá dé ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹ tì í. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó máa pàṣẹ fún un."

Délégẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn dùn mọ́ ọn nínú. Oníbọn da èèpo ẹ̀pà sílẹ̀, ó ní, "Àwọn ará Másẹ̀ ló burú jù. Bí alùpùpù yìí bá ti dára, Másẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀."

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ife omi ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí.

Mo dúró títí a fi jẹun tán ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá ọkọ mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ bí àwọn ìjọ Àgùdà ti ń kà á.

"Ẹ gbọ́ ohun tí oníbọn yẹn sọ," ni mo wí fún ọkọ mi.

"Mo gbọ́."

"Ọ̀nà Másẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbà."

"Mo mọ̀. Ẹsánsì rẹ̀ ló wà nínú ìgò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn."

"Ẹ sọ fún un pé kò ṣeé ṣe mọ́."

"Mo ti sọ pé ó ṣeé ṣe."

"Nígbà náà, ẹ ṣe é kó bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ sójú ọ̀nà."

Ìyá ọkọ mi kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìlẹ̀kẹ̀. Ọkọ mi wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí tẹ́lẹ̀. "Bí mo bá ṣe é kó bàjẹ́, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á ṣubú," ó ní. "Mi ò ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ lójú, ó sì létí. Kó máa lò wọ́n." Mo bínú sí i. Mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń dùn mọ́ ọn ju ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ọmọdé ń ṣe mí, mo rò pé gbogbo nǹkan ní ibi tí ènìyàn lè dúró sí kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́.

Ó rí róbínẹ̀ bàbà kan lára ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sí òwú. Ó fi ìyẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Ó gé ọ̀pá rọ́bà sí méjì, ó fi róbínẹ̀ sáàárín, ó sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wé ẹnu rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì kí afẹ́fẹ́ má bàa gbabẹ̀ wọlé. Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fà láti ibẹ̀ lọ sí ọwọ́ òsì, ó gé irin pẹlẹbẹ kan, ó fi fáìlì dán an, ó tẹ̀ ẹ́ kó bá àtàǹpàkò mu. Bí mo ti ń bínú tó, mo dì í mú fún un nígbà tó ń dè é, nítorí ó nílò ọwọ́ kejì, kò sì sẹ́lòmíràn ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó fẹ́ dán an wò, ó ní kí n jókòó sẹ́yìn kí alùpùpù lè mọ bí ẹni méjì ti wúwo tó. Mo wé gèlè mi tó dára jù. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde sójú ọ̀nà Ìkpinlẹ̀, tí atẹ́gùn ń fẹ́ mi lójú, mo gbàgbé ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbàgbé délégẹ́. Alùpùpù náà ń fà lábẹ́ wa pẹ̀lú ohùn kan tó wúwo, tó kún. Lẹ́yìn náà, ọkọ mi fa ọwọ́ kékeré yẹn. Ohùn yí padà lójijì. Ó di tín-ín-rín, ó ń han, bí ẹ̀fọn tó há sínú etí, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Gèlè mi fò lọ. Mo pariwo, mo ń rẹ́rìn-ín. Nínú oko àgbàdo tó wà lápá ọ̀tún, àwọn tó ń roko nàró, wọ́n wo ọ̀dọ̀ wa, àwọn tó jìnnà gan-an lọ́hùn-ún náà sì nàró.

Ọkọ mi dúró. Ó ṣí róbínẹ̀, ó tún tì í, ó gbé etí sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wo àwọn tó wà lóko. Ó yí alùpùpù padà, a sì lọ wá gèlè mi nínú koríko.

Nígbà tí délégẹ́ wá gbà á, ọkọ mi kìlọ̀ fún un níṣojú mi. "Ẹ má tì í pẹ́, kámáráàdì. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ ohùn tín-ín-rín yẹn, ẹ mọ̀ pé ara ẹ́ńjìnnì ń gbóná, èyí tó ń mu kò tó eré tó ń sá. Ẹ ṣí i padà, kó sinmi. Bí ẹ bá tì í pa láti Ìkpinlẹ̀ títí dé ibí, ẹ́ńjìnnì á gan, táyà ẹ̀yìn kò sì ní yí mọ́."

"Mo ti gbọ́," ni délégẹ́ wí. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lórí ọwọ́ kékeré náà, ó ń tì í, ó ń ṣí i, ó ń tì í. Oníbọn wà lórí bẹ́ǹṣì, àwo ẹ̀pà mi kò kúrò níwájú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Bí mo bá gbọ́ ohùn yẹn láti ọ̀nà jíjìn, ohun tó bá wà lọ́wọ́ mi á dúró. Kì í ṣe èmi nìkan. Ohùn náà ń la oko kọjá bí nǹkan tí wọ́n jù, ibi tó bá sì gbà, àwọn ọmọ á dákẹ́ eré, àwọn obìnrin á sọ̀ kalẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù wọn.

Ní ọjọ́ ọjà Ìkpinlẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n mi fà mí wọ ẹ̀yìn àwọn tó ń ta ẹ̀gẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé omi wà lójú rẹ̀. "Bá mi kí ọkọ rẹ," ó ní. "Nígbà tí alùpùpù délégẹ́ ṣì wà bó ti wà tẹ́lẹ̀, a kì í mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ní báyìí, bó bá ti fa ọwọ́ yẹn, a ti gbọ́ ọ láti òdìkejì odò. Kó tó dé, bídọ̀n ti wà nínú igbó, àwa ti di àgbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

"Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Gbogbo wọn ló mọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ọjà ló ń fi í ṣẹ̀rín. Ẹni kan á fi ẹnu dún bí alùpùpù délégẹ́, àwọn yòókù á sì ṣe bí ẹni tó ń sá wọgbó. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo bi ọkọ mi pé ṣé ó mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń tún táyà ṣe. "Ohùn tó bá wu ẹ́ńjìnnì ló ń ní," ó ní, kò sì gbé ojú sókè. Títí di òní, èmi kò mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Délégẹ́ kò rí ẹnikẹ́ni mú. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó tún wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó, kò sì gba omi tí mo gbé fún un.

"Kámáráàdì mẹkaníṣíẹ̀n," ó ní, "mo ń sáré báyìí ju gbogbo wọn lọ, síbẹ̀ mi ò bá ẹnì kan lójú ọ̀nà. Kí lo rò pé ó fà á?"

"Mi ò mọ̀, kámáráàdì."

"Mo gbọ́ pé wọ́n ń fi ohùn alùpùpù mi ṣeré lọ́jà." Ó ń wo ọkọ mi, kò ṣẹ́jú. "Ta lo ṣe ọwọ́ yìí fún? Èmi ni, àbí àwọn?"

"Ẹ̀yin ni mo ṣe é fún. Ohun tí ẹ bèèrè ni mo ṣe. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ mọ́, mo lè yọ ọ́ nísinsìnyí."

"Rárá," ni délégẹ́ wí jẹ́jẹ́. "Fi í sílẹ̀. Eré mi ni kò tíì tó."

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn oníbàárà dín kù. Àwọn tó máa ń wá jókòó lásán láti tàkúrọ̀sọ kò wá mọ́. Oníbọn nìkan ló ń wá, láàárọ̀, lọ́sàn-án, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á gbé ìbọn sáàárín ẹsẹ̀, á máa wo ọkọ mi bó ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá ọkọ mi ní kí a kó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn òun fún ìgbà díẹ̀. Ọkọ mi ní ẹni tó bá sá ti jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe.

Ọjọ́ ọjà Ìkpinlẹ̀ mìíràn ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ní ẹ̀yìn ilé ìdáná wa. Ẹ̀jẹ̀ wà ní ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀, mo sì kọ́kọ́ rò pé tirẹ̀ ni. Ó ní òun ń bọ̀ láti ìhà Másẹ̀ pẹ̀lú bídọ̀n mẹ́rin nígbà tí òun gbọ́ ohùn yẹn. Òun ti alùpùpù òun wọ inú oko àgbàdo, òun sì dọ̀bálẹ̀. Ohùn náà ń bọ̀, ó ń di tín-ín-rín sí i, kò sì padà di èyí tó wúwo rárá. Délégẹ́ kò ṣí i fún ẹ́ńjìnnì láti mí. Délégẹ́ nìkan ló wà lórí alùpùpù rẹ̀, ó ti fi oníbọn sílẹ̀ kí ẹrù lè fúyẹ́. Bó ti dé iwájú oko gan-an, ohùn náà gé bí okùn. Táyà ẹ̀yìn gan, ó ń wọ́ lórí ilẹ̀ pupa, délégẹ́ sì fò kọjá lókè ọwọ́ alùpùpù.

"Mo dúró," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo fẹ́ máa lọ. Mo ti gbé alùpùpù mi dìde. Lẹ́yìn náà mo lọ wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yí sábẹ́ rẹ̀, egungun ti yọ síta. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò mí. Kò pariwo."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo tú bídọ̀n sílẹ̀ sínú oko. Mo gbé e sẹ́yìn mi lórí alùpùpù, mo sì fi okùn bídọ̀n dè é mọ́ra mi kó má bàa já bọ́. Mo gbé e dé ilé ìwòsàn. Ó ń mí sí mi lọ́rùn ní gbogbo ọ̀nà." Ó nu ojú rẹ̀. "Ó bi mí pé kí lorúkọ mi. Mi ò dá a lóhùn."

Mo fún un ní omi, mo fún un ní ẹ̀wù ọkọ mi kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, ó ti kọjá sí ilẹ̀ Nàìjíríà. A kò tún rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, oníbọn dé pẹ̀lú àwọn jándáàmù, ọlọ́pàá ológun, nínú ọkọ̀. Wọ́n ti tú róbínẹ̀ àti ọwọ́ kékeré náà kúrò lára alùpùpù tó bàjẹ́, wọ́n dì wọ́n sínú aṣọ bí nǹkan olóró. Sàbótáàjì ni wọ́n pè é. Wọ́n ní ọkọ mi ṣe é láti pa aṣojú ìjọba. Mo di aṣọ oníbọn mú.

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀! Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ tó ṣe fún un. Ẹ sọ fún wọn!"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni oníbọn wí. Kò lè wò mí lójú. "Ẹ̀pà ni mò ń jẹ."

Ọkọ mi kò bá wọn jà. Ó ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù, kí n má jẹ́ kí òjò pa àwọn irinṣẹ́ òun. Nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, mo sá tẹ̀lé e títí dé ibi tí ọ̀nà ti yà, gbogbo ilé tó wà lọ́tùn-ún àti lósì sì dákẹ́ bí ẹni pé ìlú ti ṣí lọ.

Èmi àti ìyá ọkọ mi lọ bá délégẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n gbé e lọ. A ń rìn, a ń bẹ àwọn tó ní ọkọ̀, a tún ń rìn. Wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ojú rẹ̀ ti wọnú. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Kámáráàdì délégẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ rántí ohun tí ọkọ mi sọ fún yín. Ó ní kí ẹ má tì í pẹ́. Ó ní ó máa gan."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n gbé sókè ló ń wò.

"Ẹni tó gbé yín dé ilé ìwòsàn, ẹ̀gbọ́n mi ni," ni mo wí. N kò mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́, ó kàn jáde ni. Ìyá ọkọ mi di èjìká mi mú.

Délégẹ́ wò mí fún ìgbà díẹ̀. Mo rí i pé ó gbọ́, mo sì rí i pé ó rántí. Lẹ́yìn náà, ó yí ojú sí ògiri. A dúró títí nọ́ọ̀sì fi lé wa jáde.

Gbogbo ìgbà òjò ni a fi dúró. Àgbàdo gbó, wọ́n yà á, wọ́n sá a. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ nílé wa lójú ọ̀sán. Àwọn kan máa ń gbé ẹ̀gẹ́ tàbí iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà wa láìkankùn. Lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán kan tí mo ń fẹ́ iná, mo rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀nà, ó rù, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko bí ẹni tí kò fẹ́ di ẹnikẹ́ni lọ́nà. Mo ti bojú kúrò kí n tó mọ̀ pé ọkọ mi ni. Mo pè é láti apá òsì rẹ̀, kò yí padà. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì. Etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan mọ́, ti ọ̀tún náà kò sì gbọ́ dáadáa. Kò sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Ó ní wọ́n kàn ṣílẹ̀kùn ni, wọ́n ní kó máa lọ.

Etí ni mẹkaníṣíẹ̀n fi ń ṣiṣẹ́ kó tó fi ọwọ́. N kò mọ èyí títí etí ọkọ mi fi lọ. Ó máa tú ẹ́ńjìnnì, á tún un tò, á tẹ̀ ẹ́ kó dún, á sì dúró síbẹ̀, á máa wo ẹnu mi. "Wá bá mi gbọ́ ọ," á ní. Mo kọ́kọ́ máa ń sọ pé ó dára, kí inú rẹ̀ lè dùn. Alùpùpù kan padà wá ní bíbàjẹ́, ó sì bínú sí mi, ìbínú tí n kò rí lójú rẹ̀ rí. Láti ìgbà náà ni mo ti kọ́ ọ dáadáa. Mo mọ èyí tí pístọ̀n rẹ̀ ti jẹ, mo mọ èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ níbi tí kò yẹ. Mo ń sọ ohun tí mo gbọ́, òun sì ń fọwọ́ ṣe é. Báyìí la ṣe bí ọmọ, tí a sì tọ́ wọn. Kò tún fi ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ kún ẹ́ńjìnnì ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìjọba yẹn kọjá lọ. Wọ́n pa ìràwọ̀ pupa rẹ́ lára ògiri ilé ìwé, a sì padà di bàbá àti ìyá àti ẹ̀gbọ́n ara wa. Ẹ̀gbọ́n mi padà wá pẹ̀lú irun funfun. Ní ọdún kan lẹ́yìn èyí, ọkùnrin kan ti alùpùpù kékeré dé iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ó ń fi ẹsẹ̀ kan wọ́lẹ̀. Aṣọ rẹ̀ kò mọ́ bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni ó wí. Kò pe ẹnikẹ́ni ní kámáráàdì.

Mo rò pé ọkọ mi yóò lé e. Ó gba alùpùpù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí ìdúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kó tó bèèrè, láìbojú wẹ̀yìn.

"Ṣé wọ́n bi yín nípa mi nígbà yẹn?"

"Wọ́n bi mí."

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

Délégẹ́ sọ ọ́ ní ohùn kékeré. Ó ti sún sí apá òsì ọkọ mi, ọkọ mi kò sì gbọ́. Ó yíjú sí mi, ó ń wo ẹnu mi bí ó ti máa ń ṣe.

"Kí ló wí?"

Mo lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀, mo sì sọ ọ́ sí i létí. "Ó ní òun sọ fún wọn pé òun kò rántí."

Ọkọ mi wo délégẹ́ títí. Délégẹ́ ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọkọ mi tẹ ẹ́ńjìnnì náà, ó dún, ó ní kí n bá òun gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ. Mo ní ó ti dára. Ọkùnrin náà gùn ún, ó lọ, kò sì tún padà sí ọ̀dọ̀ wa mọ́.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ká ní ó sọ pé wọ́n kìlọ̀ fún òun ni, ọkọ mi ì bá padà wálé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, pẹ̀lú etí rẹ̀ méjèèjì. Ká sì ní ó sọ pé wọn kò kìlọ̀ fún òun ni, n kì bá tún rí ọkọ mi mọ́ láéláé. Àwọn ìgbà kan wà tí mo máa ń rò pé ó gbìyànjú. Àwọn ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń bínú débi pé mo ní láti dìde kúrò níbi tí mo jókòó sí. Mo bi ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan pé kí ló rò sí i. Ó ní òun wà láàyè, òun sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ó ti di olóògbé báyìí. Wọ́n ti tún ọ̀nà wa ṣe, àwọn ọmọ tí kò mọ ìgbà yẹn sì ń ta ẹsánsì nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbangba. Bí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, alùpùpù á máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ sí Ìkpinlẹ̀, lọ sí Másẹ̀. N kì í wo ẹni tó wà lórí wọn. Mo máa ń gbọ́ wọn ni, mo sì máa ń mọ èyí tí ara rẹ̀ kò yá. Màá ti yíjú sí apá òsì mi, síbi etí ọ̀tún ọkọ mi, láti sọ ọ́, kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó jókòó níbẹ̀.